Kí Ló Ń Bí Wọn Nínú? Ibi Tí Ìkórìíra Akọsákọ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀ Láàárín Àwọn Ọkùnrin

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù bábà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní Bàrígà tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé: jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, bọ́ọ̀lù Premier League wà lórí tẹlifíṣọ̀n, bọ́ìsì mẹ́fà jókòó, ẹni méjì péré ló fẹ́ gẹ irun nínú wọn. Ọmọkùnrin kan wá ń kọjá lọ níwájú. Ó di irun, ó fi yẹtí sí etí kan, ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ké láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Hómò!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Irú wọn ló yẹ ká máa fi táyà sí lọ́rùn." Ẹ̀rín náà tún pọ̀ sí i.

Ó dáa, ẹ dúró níbẹ̀ ná. Kí ni àwọn bọ́ìsì yìí mọ̀ nípa ọmọkùnrin yẹn? Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò mọ ẹni tó ń fẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ní Akọ́ka ló ń lọ. Ohun tí wọ́n rí ò ju irun, yẹtí àti ìrìn lọ. Síbẹ̀, ẹnì kan ti dá a lẹ́jọ́ ikú, kódà bó jẹ́ àwàdà.

Ìbéèrè wa tòní nìyẹn: kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin fi máa ń mú ara gbóná tó bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn rárá? A ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀ o. Ìbínú yẹn gan-an la fẹ́ wò: ibo ló ti ń wá, kí ló ń bọ́ ọ, ta ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n rí sì lè ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu.

Ṣé ẹ̀sìn nìkan ni?

Tí ẹ bá bi àwọn bọ́ìsì inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ jáde ni pé Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ. Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó pọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa ń wàásù tako akọsákọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gba ìwàásù yẹn gbọ́ látọkànwá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Bíbélì àti Kùránì tako àgbèrè, irọ́, olè àti ìmutípara. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, bí bọ́ìsì kan bá sọ pé ọmọbìnrin mẹ́ta lòun ń bá lò lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé wọ́n máa ní kí wọ́n gbé táyà wá? Rárá o. "Bàbá ni ẹ́!" ni wọ́n máa sọ fún un. Ọmọ Yahoo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò ńkọ́? Wọ́n máa bá a wẹ mọ́tò náà ni.

Ẹ̀sìn lè sọ fún èèyàn pé nǹkan kan ò dáa. Kò tíì sọ ìdí tí ọ̀kan yìí fi ń mú inú bí ọkùnrin ju gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yòókù lọ.

Nǹkan kejì tún wà. Àwọn obìnrin ló kún ṣọ́ọ̀ṣì jù, ìwàásù kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Gregory Herek, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí èyí ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń rí léraléra ni pé àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin kórìíra akọsákọ ju bí àwọn obìnrin ṣe kórìíra rẹ̀ lọ, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni wọ́n sì máa ń dojú rẹ̀ kọ jù. Ọ̀rọ̀ abosábo kì í bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ mọ́ jíjẹ́ ọkùnrin.

George Weinberg ló mú ọ̀rọ̀ náà hòmófóbíà wọlé, ó sì tan án kálẹ̀ nínú ìwé kan tó kọ ní 1972. Oníṣègùn ìrònú ni, obìnrin ni òun fúnra rẹ̀ sì ń fẹ́. Ohun tó kíyè sí ni pé ara àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, kì í lélẹ̀ tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ géè. Ìyẹn ló ṣe pè é ní ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rù kí ni wá? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

"Àwọn tó ń pariwo jù, àwọn náà ni"

Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí Twitter dáadáa. Wọ́n á ní ọkùnrin tó bá ń bú géè láàárọ̀ àti lálẹ́, géè ni òun náà, ńṣe ló ń fi ara pa mọ́. Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá?

Ní 1996, Henry Adams àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà kó ọkùnrin 64 jọ. Gbogbo wọn ló sọ pé obìnrin nìkan làwọn ń fẹ́. Wọ́n fi ìbéèrè pín wọn sọ́nà méjì: 35 tó kórìíra géè, àti 29 tí kò kórìíra wọn. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ kan sí nǹkan ọmọkùnrin wọn, èyí tó máa sọ bí nǹkan náà bá ń le, wọ́n sì fi fíìmù ìbálòpọ̀ oríṣi mẹ́ta hàn wọ́n: ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, ti obìnrin méjì, àti ti ọkùnrin méjì. Fíìmù méjì àkọ́kọ́ mú ara gbogbo wọn dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ti ọkùnrin méjì, àwọn tó kórìíra géè ni ẹ̀rọ náà sọ pé ara wọn dìde.

Ìròyìn ńlá nìyẹn! Àmọ́ ẹ má tíì sáré lọ tweet. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn sọ pé ó lè jẹ́ pé ìpayà ló fà á, torí pé ìpayà náà lè mú kí ara dìde. Nígbà tó di 2006, Brian Meier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde. Àwọn tí wọ́n kórìíra géè, tí wọ́n sì máa ń gbèjà ara wọn gan-an, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ojú kúrò lára àwòrán ọkùnrin méjì tó ń ṣe eré ìfẹ́. Ìyẹn jọ ìríra ju ìfẹ́ abẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2013 sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Kánádà, MacInnis àti Hodson, wá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ yìí títí, wọn ò rí i.

Torí náà, ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣàlàyé bọ́ìsì mẹ́fà inú ṣọ́ọ̀bù. Ìdí mìíràn sì wà tí kò fi yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ju ara wa. Tí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń bú géè pé "ìwọ náà ni", ọ̀kọ̀ kan náà lẹ mú. Ẹ ṣì gbà pé èébú ni kéèyàn jẹ́ géè. Ẹ sì tún ti di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ padà sórí àwọn géè.

Oyè tí wọ́n lè já gbà lórí ẹni

Ẹ fetí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà ṣubú, ó ń sunkún, a ní, "Dákẹ́, ṣe bí ọkùnrin." Àgbàlagbà tó ti ní ìyàwó àtọmọ, tó bá sá fún ìjà, a bi í pé, "Ṣé ọkùnrin ni ẹ́ báyìí?" Ọmọbìnrin náà ń gbọ́ "obìnrin kì í ṣe báyìí", ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Àfi ní ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan sọ fún un pé kì í ṣe obìnrin mọ́. Ti ọkùnrin jọ oyè. O ní láti jẹ ẹ́, tí o bá sì ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n lè já a gbà lórí rẹ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Joseph Vandello àti Jennifer Bosson ní Yunifásítì South Florida sọ èyí di ìmọ̀ ní 2008. Wọ́n ní níbi púpọ̀ láyé, àwọn èèyàn gbà pé jíjẹ́ ọkùnrin ṣòro láti gbà, ó sì rọrùn láti pàdánù. Nígbà tó di 2021, ìwádìí kan tí Bosson ṣíwájú rẹ̀ bi àwọn èèyàn tó lé ní 33,000 ní orílẹ̀-èdè 62 léèrè nípa ìgbàgbọ́ yìí. Ibi tí ọkùnrin àti obìnrin kò bá ti dọ́gba ni ìgbàgbọ́ náà ti máa ń lágbára jù.

Ẹ wá wo ìdánwò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2009. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an torí pé irun ni wọ́n lò. Wọ́n pín àwọn ọkùnrin sí méjì. Wọ́n ní kí àwọn kan di irun gígùn tó wà lórí ère kan, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù di okùn. Ìṣe ọwọ́ kan náà ni o, àmọ́ ọ̀kan jọ iṣẹ́ obìnrin, ọ̀kan ò jọ ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí kálukú mú èyí tó wù ú: kó lu àpò tí àwọn akànṣẹ́ máa ń lù, tàbí kó jókòó ṣe eré ọlọ́gbọ́n. Àwọn tó di irun ló mú àpò lílù jù. Nígbà tí wọ́n wá ní kí gbogbo wọn lu àpò, àwọn tó di irun ló lù ú kíkan jù. Ibi tó dùn jù nìyí: nínú àwọn tó di irun, àwọn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n lu àpò lẹ́yìn náà, ọkàn wọn balẹ̀ ju àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n lù ú lọ.

Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan kan fọwọ́ kan oyè wọn, ìpayà dé, ẹ̀ṣẹ́ jáde, ìpayà lọ. Ẹ̀ṣẹ́ náà ni oògùn.

Tí a bá padà sí ṣọ́ọ̀bù bábà, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti ń yé wa díẹ̀. Ọmọkùnrin tó di irun kọjá. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àmọ́ ó ń fi ara rẹ̀ sọ pé ọkùnrin lè rí báyìí kí ayé má sì bàjẹ́. Ẹni tó ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ oyè rẹ̀, ìyẹn ò lè bá a lára mu. "Hómò!" tó ké yẹn ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín àwọn yòókù sì ni ìwé ẹ̀rí tó gbà pé òun ṣì jẹ́ ọkùnrin.

Kí ló dé tó fi le ní ádúgbò wa?

Èrò tèmi nìyí. Láyé àtijọ́ àti títí di òní, àwọn nǹkan tí Yorùbá fi ń mọ ọkùnrin tó ti dàgbà ò fara sin: iṣẹ́ lọ́wọ́, ilé lórí, aya nílé, ọmọ lẹ́yìn. Ẹ wá wo ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kan ní Ṣómólú. Ó kọ́ iṣẹ́ títẹ ìwé ní ìsọ̀ àwọn atẹ̀wé, ó ti gba fúríìdọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò tíì ní owó tó máa fi ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Yàrá kan ni òun àti àwọn méjì jọ ń gbé. Rẹ́ǹtì ń lé e kiri. Owó ìgbéyàwó? Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Gbogbo ẹ̀rí tó wọ́n ti jìnnà sí i. Ẹ̀rí tó pọ́ọ́kú ló kù: ohùn tó le, ara tó le, ẹ̀rù tí kì í bà á, àti pé "èmi kì í ṣe obìnrin". Tẹ́yìn yìí ló pọ́ọ́kú jù. Èèyàn ò nílò kọ́bọ̀ láti tọ́ka sí ẹlòmíràn pé òun nìyẹn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn tálákà ló burú jù o. Àwọn sẹ́nétọ̀ àti àwọn aṣòfin tó ń wọ agbádá ńlá l'Ábújà ló ṣe òfin tí a máa tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tiwọn ni pé ọ̀rọ̀ náà máa ń mú kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn, láì jẹ́ pé wọ́n ní láti tún iná mànàmáná ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣọ́ gbogbo ọkùnrin

C. J. Pascoe, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi ọdún kan àti ààbọ̀ jókòó ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní California, ó sì kọ ìwé nípa ohun tó rí ní 2007. Ohun tó kíyè sí ni pé àwọn ọmọkùnrin ń fi èébú "géè" ju ara wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọmọ tó jẹ́ géè ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó jó, ẹni tó wọ aṣọ tó mọ́ jù, ẹni tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó fi ìmọ̀lára rẹ̀ hàn. Èébú náà dà bí ọlọ́pàá tó ń rìn kiri. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa ti yọ, torí náà gbogbo wọn ń rìn lórí ìlà. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Michael Kimmel, ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní 1994: ẹni tí ọkùnrin ń bẹ̀rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọkùnrin yòókù, pé wọ́n lè wo òun kí wọ́n sì rí i pé òun ò kún ojú ìwọ̀n.

Ẹ ò ríi pé tiwa náà nìyẹn? Ọ̀rẹ́ kan sọ pé "mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, gáì", kíá ló máa fi "no homo" kún un. Bàbá ẹnì kan kú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ dì mọ́ ọn, wọ́n gbá a léjìká fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lọ ra ọtí fún un. Èyí tó tún burú jù ni ti ọmọkùnrin tí ọkùnrin fipá bá lò. Ta ló fẹ́ sọ fún? Tó bá la ẹnu, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "ṣé hómò ni ẹ́ ni?" Títí di ọjọ́ tí òfin tó tako ìwà ipá sí ènìyàn jáde l'Ábújà ní 2015, obìnrin nìkan ni òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ kà sí ẹni tí wọ́n lè fipá bá lò.

Ọ̀rọ̀ irun, ẹ bi Ṣàngó

Àwọn kan á ní, "Kò sí nínú àṣà wa kí ọkùnrin máa di irun bí obìnrin." Ó yà mí lẹ́nu pé Yorùbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Elégùn Ṣàngó, ìyẹn ẹni tí òrìṣà máa ń gùn, ọkùnrin ni nígbà púpọ̀, ó sì máa ń di irun rẹ̀ bí obìnrin. Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n máa ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ọkùnrin. J. Lorand Matory, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé lé irú ọ̀rọ̀ yìí lórí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1994. Òrìṣà tó sì ni irun dídì yìí ni òrìṣà àrá, tí kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé elégùn jẹ́ géè, mi ò sì sọ pé àwọn baba ńlá wa fọwọ́ sí akọsákọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlà tí a fà láàárín "ìwà ọkùnrin" àti "ìwà obìnrin" kì í dúró sójú kan. Ohun tí wọ́n fi ń mọ alágbára ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń pe èèyàn ní hómò ní Bàrígà.

Ẹ tún wo èdè wa. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ èébú lórí ọ̀rọ̀ yìí, adófùrọ̀, ohun tí èèyàn ṣe ló ń sọ. "Hómò" yàtọ̀. Irú ẹni tí èèyàn jẹ́ ló ń sọ, láti orí dé àtàrí. Ní Yúróòpù ni irú èrò yẹn ti wá. 1869 ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé "hómò" kúrò lára rẹ̀ kọ́kọ́ jáde nínú ìwé títẹ̀, ní èdè Jámánì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di irú ẹni téèyàn jẹ́, a lè fi ìrìn àti irun fura sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Òfin tó wá láti òkè òkun

Nǹkan mìíràn tó ń bọ́ ìbínú yìí ni òfin. Lọ́dún 1533, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Òfin tí wọ́n kọ fún Queensland ní Ọsirélíà ní 1899 ni ìjọba Lugard gbé wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, wọ́n sì nà án dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Abala 214 rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ "tó tako ìṣẹ̀dá", fún ẹni tó bá jẹ̀bi ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé tiwọn ní England àti Wales láti 1967. Àwa ṣì di èyí tí wọ́n fún wa mú, a sì ń pè é ní àṣà wa.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tuntun. Ìgbéyàwó akọsákọ: ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Dídá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, tàbí fífi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba: ọdún 10. Kò sẹ́ni tó ń tò síwájú kóòtù pé kí wọ́n so òun pọ̀ nígbà yẹn o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òfin yìí ju kóòtù lọ.

Ní oṣù kẹjọ 2018, ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n kó ọkùnrin 57. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ náà fà títí di oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ wá dà á nù torí pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ò múra sí i. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọkùnrin yẹn ti jáde lórí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ kìíní.

Kito ńkọ́? Àwọn tó mọ ìgboro mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á máa bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù, á ní kó wá kí òun nílé. Tó bá dé yàrá, àwọn bọ́ìsì á ya wọlé, wọ́n á lù ú, wọ́n á bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n á ya fídíò, wọ́n á gba fóònù àti owó tó wà ní àkáǹtì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí ò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé òun ni òfin máa kọ́kọ́ mú. Ní ti èyí, ìbínú ẹ̀sìn ò sí níbẹ̀ mọ́. Òwò ni. Òfin ló fún wọn ní ọjà, ìkórìíra ni wọ́n sì fi ń bo olè jíjà mọ́lẹ̀, kó lè jọ pé wọ́n ń tún àdúgbò ṣe.

Kò sì parí sí ọ̀dọ̀ àwọn géè nìkan. Ẹ rántí oṣù kẹwàá 2020, nígbà #EndSARS. Kí ni àwọn ọ̀dọ́ ń sọ? Pé ọlọ́pàá ń fi irun dàda, àmì ara àti yẹtí pe èèyàn ní ọ̀daràn. Ojú kan náà ni àwọn bọ́ìsì ṣọ́ọ̀bù bábà fi wo ọmọkùnrin tó ń kọjá.

Àìsàn ńlá tó wà nídìí rẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti yọ akọsákọ kúrò nínú ìwé àwọn àrùn láti 1990. Ohun tó ń dá àìsàn sílẹ̀ nísinsìnyí ni ìbẹ̀rù. Àwọn oníwádìí kan ń tọ́jú àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò l'Ábújà ṣáájú òfin 2014 àti lẹ́yìn rẹ̀. Èsì wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet HIV ní 2015. Ṣáájú òfin, ní nǹkan bí ìgbà 25 nínú 100 tí wọ́n wá, wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti lọ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn òfin, ó di 38. Ẹni tí ò lè lọ ṣe àyẹ̀wò HIV ò lè gba oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sì ní ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin nílé, torí pé ìkórìíra yìí kan náà ló tì wọ́n wọ inú ìgbéyàwó. Kòkòrò àrùn ò mọ ẹni tó yẹ kí òun fò dá.

Kí ló lè yí i padà?

Láti 1954 ni Gordon Allport ti sọ pé bí èèyàn bá mọ ẹni tó ń kórìíra, tí wọ́n jọ ń ṣe nǹkan pọ̀, ìkórìíra náà máa ń dín kù. Herek rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí lórí ọ̀rọ̀ yìí náà: ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan tó sọ fún un pé géè lòun kì í sábà kórìíra wọn bíi tẹni tí ò mọ ẹnì kankan. Wàhálà tiwa ni pé òfin ti sé ọ̀nà yẹn. Ẹ̀gbọ́n yín, bábà yín, ẹni tó ń bá yín túmọ̀ mátíìsì ní kíláàsì, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò ní sọ. Ẹ̀yin náà á wá máa wí pé ẹ ò mọ ẹnì kankan rí. Síbẹ̀, nǹkan ń yí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Pew Research Center béèrè ní 2013, ẹnì 1 nínú 100 ní Nàìjíríà ló sọ pé ó yẹ kí àwùjọ gba akọsákọ mọ́ra. Ní 2019, ó ti di 7.

Ìwádìí kan tún wà tí David Broockman àti Joshua Kalla gbé jáde ní 2016. Ní Miami ni. Àwọn èèyàn lọ ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń bá onílé sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí àwọn tó yí ìrísí wọn padà láti ọkùnrin sí obìnrin tàbí láti obìnrin sí ọkùnrin. Wọn ò wàásù. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn ní kí onílé sọ ìgbà kan tí àwọn èèyàn ti dá òun náà lẹ́jọ́ torí pé ó yàtọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìkórìíra tó dín kù ṣì dín kù síbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà lè lóye ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ fún íńtáfíù ní Victoria Island, wọ́n bi yín pé ibo lẹ̀ ń gbé, ẹ ní "Bàrígà", ojú ẹni tó wà lẹ́yìn tébù sì yí padà díẹ̀. Àwọn òbí ọmọbìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ́ béèrè, ẹ dáhùn, wọ́n wo ara wọn. Ẹgbẹ́ òkùnkùn jà ní òpópó kejì, ọlọ́pàá dé, ẹ̀yin tó jáde lọ ra búrẹ́dì ni wọ́n kó sẹ́yìn ọkọ̀. Wọn ò béèrè ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ibi tẹ́ ẹ ti wá àti bí ẹ ṣe rí ló tó wọn.

Ẹ rántí bó ṣe dùn yín tó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bábà, tí ọmọkùnrin tó di irun bá tún kọjá, tí ẹnì kan sì ké, ẹ ò ní láti wàásù o. Ẹ kàn lè má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó di irun ère nínú ìdánwò Florida kọ́ wa pé ẹni tó ń lu nǹkan ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Ẹ̀rín yín ló ń fún un. Tí ẹ ò bá fún un, á wá a níbòmíràn, tàbí kó jókòó wo bọ́ọ̀lù rẹ̀.